Ohun Tí Mo Sọ fún Omi Abẹ́ Àpáta

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àpòòwé náà fi wà nínú báàgì mi, n kò sì ṣí i. Ilé àyẹ̀wò kan ní Òkè-Ìlewó ni mo ti gbà á. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan díẹ̀ nínú kókó tó wà nínú ọmú mi òsì, wọ́n sì ní kí n gbé èsì rẹ̀ tọ dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní ó dáa. Ọjà Ìtòkú ni mo gbà lọ. Mo jókòó sí ìsọ̀ mi láàárín àdìrẹ, mo ń bá àwọn oníbàárà nájà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ojo ni mí, n kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Irú kókó bẹ́ẹ̀ ló pa ìyá wa. Nínú ilé wa, a kì í dárúkọ rẹ̀. "Àìsàn yẹn" là ń pè é. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n pàápàá, "àìsàn yẹn" náà la ń wí fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni mo finú hàn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bẹ̀rù ẹnì kan. Bí ọ̀kadà bá fara kàn wọ́n ní ọjà, ọlọ́kadà ni yóò máa dọ̀bálẹ̀.

"Omi kan wà lẹ́yìn Wásinmi," ni wọ́n wí. "Ó máa ń wo irú nǹkan báyìí. Ọ̀la la ó lọ."

"Àǹtí, àwa Mùsùlùmí ńkọ́?"

"Ta ló dá omi? Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ni? Tètè múra jàre."

Kí n sọ òótọ́, ara tù mí. Omi kì í fúnni níwèé.

Láti Wásinmi, a jọ gun ọ̀kadà kan wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bẹ ọlọ́kadà pé kó rọra, kó má pa mí. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣíwájú. Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìyá arúgbó tó ń tọ́jú omi náà sì kí wọn pé, "O kú ìjọ́ mẹ́ta." Mo rò pé wọ́n ti wá tajà níbẹ̀ rí ni.

Abẹ́ àpáta ńlá kan lomi náà ti ń sun, ó sì rọra ń dà sínú ihò dúdú kan. Mo wò ó títí, n kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá fi imọ̀ ọ̀pẹ sé ibẹ̀ fún àwọn obìnrin. A ró aṣọ máyà, a wọ inú omi títí dé ìbàdí. Ó tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn.

"Kó o tó bù ú sára," ni Ìyá wí fún mi, "sọ ohun tó ń ṣe ọ́ fún un. Sọ ọ́ sókè."

"Kókó wà lọ́mú mi."

"Kókó kí ni?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Omi yìí kì í gbọ́ 'mi ò mọ̀'. Ṣé o ò tíì dé ọsibítù ni?"

Mo sọ̀rọ̀ àpòòwé náà. Wọ́n ní kí n lọ mú un wá. Inú bí mi. Èmi tí mo sá fún ìwé wá sínú igbó, inú igbó náà ni wọ́n ti wá ń dá mi padà sídìí ìwé!

Mo ṣáà mú un. Mo ya àpòòwé náà, omi ọwọ́ mi sì rin etí ìwé náà. Mo kà á dé ìdajì, mo rí ọ̀rọ̀ náà. Etí mi di. Mo jókòó sórí òkúta, mo rántí bí apá ìyá wa ṣe rí nígbẹ̀yìn, bí igi ìdáná.

"Sọ ọ́," ni Ìyá wí.

"Àìsàn yẹn ni."

Wọ́n mirí. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde.

"Jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ọmú ni."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún nínú omi. Èmi tó yẹ kí wọ́n tù nínú ni mo ń tu wọ́n nínú. "Àǹtí, ẹ má sunkún mọ́. Àìsàn ló ṣeé wò, a ò rí t'ọlọ́jọ́ ṣe."

Ìyá kò wò mí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń wò. "Ìwọ ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo lo ti ń wá wí fún omi yìí pé àyà ń dùn ọ́. Àyà kí ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi mú ọwọ́ mi. Wọ́n tì í bọ abẹ́ ìró wọn. Kókó ni. Ó tóbi ju tèmi lọ.

Gbogbo ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, eré ni. N kò rántí bomi sára. Mo fa ẹ̀gbọ́n mi jáde, mo gbé aṣọ wọ̀ wọ́n lórí omi ara wọn, mo kí Ìyá pé ẹ ṣeun, a sì padà sójú ọ̀nà, ọsibítù ló kàn.

Ọ̀kadà kan náà ló gbé wa. Èmi ló wà láàárín, ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́yìn, wọ́n gbá mi mú bí ọmọdé. Bí ọ̀kadà bá ti ta sókè nínú kòtò, kókó wọn ń kàn mí lẹ́yìn.

Mo ní kí ọlọ́kadà sáré.