Àdògán Ọ̀gá Mi

Bí ọyẹ́ bá ti mú, ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ wẹ́dà ní Dakace lápá àríwá ni mo máa ń rántí. Láràárọ̀ ló ń to àwọn ọ̀pá tí a fi ń jó irin sórí àdògán eléèédú kí wọ́n lè gbóná. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "A hankali, ẹ rọra. Òtútù ń mú irin bó ṣe ń mú yín."

Ọ̀sẹ̀ tí ibà dá a dùbúlẹ̀, èmi ni mo jó ojú ìsopọ̀ tó gùn jù lára táǹkì omi ńlá kan. Mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ, n kò dáná sí àdògán.

Àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ rọ omi sí i ló padà dé. Ó fi òòlù kékeré rẹ̀ kan ojú náà, ó gbé etí sí i, ó wò mí.

"Sà, ẹ má tíì rọ omi," ló sọ fún máníjà ilé iṣẹ́ wa.

Máníjà ní omi ti ń wọlé. Ọ̀gá mi lé gbogbo wa sẹ́yìn. Omi ò tíì dé ìdajì tí irin fi dún bí ìbọn, tó là láti ìsàlẹ̀ dókè.

"Ta ló jó ibí?" ni máníjà bèèrè.



"Iṣẹ́ mi ni, sà," lọ̀gá mi dáhùn.

Wọ́n lé e lọ lọ́jọ́ náà. Kò bá mi wí. Ó mú òòlù rẹ̀, ó gbé àdògán síwájú mi, ó sì lọ.