Ọ̀pẹ Tí Mo Gbìn Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fẹ́ǹsì

Ọ̀pẹ tí mo fi owó ara mi gbìn ni kò jẹ́ kí n rí Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò mi, nígbà tó ṣubú lónìí.

Ẹ mọ̀ mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mo sì kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí Mafoluku. Mi ò fẹ́ kí ojú aládùúgbò máa wọ inú ọgbà mi. Mo bá ra ọ̀pẹ ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó ní Àjàó, irú èyí tó máa ń yọ ọmọ nídìí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dí pa. Ìkíni tí èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ máa ń kí ara wa lórí fẹ́ǹsì láràárọ̀ sì parí síbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mò ń mu tíì níta. Mo gbọ́ ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ lódìkejì. Mi ò dìde.

Ọ̀sán ni Bọ́sẹ̀ dé láti Ìsọlọ̀, tó bá ìyá ẹ̀ nílẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Nígbà tó gbé e dé ọsibítù tán, ó wá kan géètì mi.

"Bàbá, ṣé ẹ wà nílé láàárọ̀?"

"Mo wà ńlé."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé rédíò ni."

"Ẹ̀yin ni màámi ń pè, sà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. Látìgbà yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo ti mú àdá jáde báyìí kí n fi gé ọ̀pẹ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbin irú ẹ̀ yí ilé ká, ta ló wà lódìkejì tiyín? Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?