Bọ́ọ̀dù Mẹ́ta àti Ìwé Ìpàdé Bàbá Mi

Èmi kì í ṣe onísùúrù, ẹni tó bá mọ̀ mí ní Zaria á jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi fi kọ̀ǹpútà kéékèèké mẹ́ta wéra nítorí bàbá mi, mi ò sì jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dáa, mo jágbe mọ́ ẹnì kan. Bàbá náà ni.

Bàbá mi ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Sabon Gari láti ìgbà tí mo ṣì ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, a kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan àfi tí akọ̀wé bá kọ́kọ́ ka ìwé ìpàdé tó kọjá sókè ketekete, ní Yorùbá tó já gaara. Ẹni tó bá ti Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì bọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mudu ẹ̀pà sísun kan ni ìtanràn rẹ̀, a ó sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwa tí wọ́n bí síbí, ahọ́n wa kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ̀pà kì í wọ́n wa. Bàbá mi nìkan ni mi ò rí kó san ìtanràn rí.

Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Dókítà ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, awò ò ràn án mọ́. Ní ìpàdé kan ó fo odindi ìlà méjì, ó sì ka olóògbé kan mọ́ àwọn tó wá sípàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jáde, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká wá akọ̀wé tí ojú rẹ̀ ríran. Bàbá náà gbọ́. A jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé rẹ̀ ní Dogarawa. Ibẹ̀ ló ti wá ní, "Tí wọ́n bá gba gègé yẹn lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún wúlò fún?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Yàrá ìwádìí ní yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà mo ní ọgbọ́n kan ti dé. Màá tẹ ìwé ìpàdé náà sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, Bàbá á sì máa kà á lójú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kékeré. Wàhálà ibẹ̀ ni iná. Iná ìjọba kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àwọn àgbà ò sì gbà kí jẹnẹrétọ̀ máa pariwo nígbà ìpàdé. Bátìrì sólà kékeré kan ni mo ní. Ẹ̀rọ tí ò jẹun púpọ̀ ni mo nílò, ni mo bá yá bọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ará ibi iṣẹ́: kọ̀ǹpútà odindi lórí pátákó kan ṣoṣo, tí ò tóbi ju káàdì ìdìbò lọ.

Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ṣíwọ́, màá wọ kẹ̀kẹ́ láti ilé mi ní Hanwa lọ sí Dogarawa. Màá so bọ́ọ̀dù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, màá ki mítà mi tó ń wọn iná sáàárín òun àti bátìrì, màá wá ka ìwé ìpàdé sókè láti òkè délẹ̀ kí n lè mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yára ṣí ojú ewé sí.

Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀gá wọn. Mẹ́mọ̀rì rẹ̀ pọ̀, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti ṣí ojú ewé. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á ra méjì nínú ìkejì, èyí tó wà láàárín wọn, ó ń gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó ń fẹ́ fáànù tirẹ̀, iná tó ń mu sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìkejì. Bàbá fọwọ́ kàn án, ó yára yọ ọ́. "Alájẹkì lèyí. Gbé e padà fún ẹni tó ni ín."

Èyí tó kéré jù nínú wọn ò ju ìka méjì lọ, iná tó ń mu ò tó nǹkan, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà á. Mo ti ń yọ̀! Àṣé ihò tó ní ò bá wáyà kankan mu. Nígbà tí mo fi máa ra ẹnu wáyà ti tẹlifíṣọ̀n àti ti kíbọ́ọ̀dù tán ní Sabon Gari, owó rẹ̀ ti bá ti ìkejì dọ́gba. Tí mo bá sì sọ lẹ́tà di ńlá, á dákẹ́ lọ gbári.

"Haba!" ni mo pariwo.

"Mudu ẹ̀pà kan," ni Bàbá wí.

Ìkejì ni mo mú. Wáyà tẹlifíṣọ̀n wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, kò fẹ́ fáànù, bátìrì mi á sì gbé òun àti tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí mẹ́ta. "Ṣé ẹ ń rí i, Bàbá?" Á sún mọ́ ọn, á ní, "Ó ti tóbi tó. Ṣáà tún un kà."

Aago méjì ni wọ́n pe ìpàdé. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo dàgbà sínú ẹgbẹ́ yìí, mo tan ẹ̀rọ ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Èmi, Bàbá àti ìyàwó alága tó ń gbálẹ̀ nìkan la wà níbẹ̀. Ó kọjá aago mẹ́ta kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmáàmù gbàdúrà. Àwọn onígbàgbọ́ náà gbà tiwọn, wọn ò sì fẹ́ kó kúrú ju ti ìmáàmù lọ. Ẹ̀rù ń bà mí láti pa ẹ̀rọ náà, kó má lọ kọ̀ láti tàn mọ́ lójú gbogbo ayé. Bátìrì ti ń ṣẹ́jú pupa.

Bàbá dìde. Kò tíì ka ojú ewé kan tán tí tẹlifíṣọ̀n fi ṣú dùdù. "Wayyo!" ni mo figbe ta. Àwọn kan ti ń bèèrè ẹ̀pà.

Bàbá ò tilẹ̀ yíjú. Ó ń bá a lọ ní ohùn kan náà: ẹni tó dábàá, ẹni tó kín in lẹ́yìn, òrùlé gbọ̀ngán tó ń jò, ìrànlọ́wọ́ fún opó, títí dé ẹni tó gbàdúrà ìparí. Alága bèèrè bóyá àtúnṣe wà. Kò sí. Ọkùnrin tó ní ká wá akọ̀wé mìíràn ló dìde, tó ní kí wọ́n gbà á wọlé bó ṣe wà.

Nínú kẹ̀kẹ́, mo ń sọ pé lóṣù tó ń bọ̀ màá wá bátìrì ńlá, màá tún sọ lẹ́tà di ńlá sí i. Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

"Ìyá mi, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mi ò rí ẹyọ kan nínú àwọn lẹ́tà yẹn rí. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni mò ń rí."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?" Mo jágbe tó fi jẹ́ pé oníkẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn.

"Kí n sọ, kí o kó ẹ̀rọ rẹ lọ sí Hanwa? Bí o ṣe ń kà á ni mo fi há a sórí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti mọ̀ ọ́n tán."

"Ọjọ́ tó kù ńkọ́?"

"Mo kàn fẹ́ kí o máa wá ni."

Mo sunkún láti ibẹ̀ dé Dogarawa. Lọ́jọ́ kejì, mo dá bọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún àwọn tó ni wọ́n. Nírọ̀lẹ́, mo mú ìwé ìpàdé àná tí mo bá Bàbá kọ sílẹ̀ lọ́wọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá bàbá mi, mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.