Oògùn Òwúrọ̀ àti Ààwẹ̀ Bàbá Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì l'Adó bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dọ̀ àti ebi.

Ẹ̀dọ̀ wa máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́. Purotéènì kan ló ń tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dédé ṣiṣẹ́. Tí ebi bá ń pa wá, ara á lẹ èròjà bíńtín kan tó ń jẹ́ fọ́sífétì mọ́ ọn, òun náà á sì jí sí iṣẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó dà bíi tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ní gáréèjì Fájuyì: ọkọ̀ kan náà ni, àmọ́ ó ti lè gbéra. Tí a bá wá jẹun, ara á tú ínsúlínì, èròjà tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, jáde, ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n yọ fọ́sífétì náà kúrò, purotéènì yẹn á lọ sinmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa yán, èmi á máa ṣẹ̀fẹ̀ kí ohùn mi má baà yí padà.

Bàbá mi ló ń wá sí mi lọ́kàn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ní Ìgèdè, alàgbà ìjọ, ẹni tí kì í pẹ́ dé ibikíbi. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, oògùn tí wọ́n fún un sì ń fi ipá lé ínsúlínì jáde, ì báà jẹun, ì báà má jẹ. Nígbà tí ìjọ kéde ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó gbà á. Oògùn náà ńkọ́? Ó lò ó láàárọ̀, pẹ̀lú omi díẹ̀. Ó sọ fún ìyá mi pé oògùn kì í ṣe oúnjẹ, Ọlọ́run ò ní kà á sí òun lọ́rùn.

Báyìí ni ebi ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó ṣí, tí oògùn ń ní kó tì.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lórí àga, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ìyá mi rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé e. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń ṣe àmín. Àmín náà ló ń ṣe títí bàbá mi fi dákẹ́ tí kò dáhùn mọ́. Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi kì í ṣe àmín. Ó kàn máa ń wo ilẹ̀ ni.

Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára lọ́sibítù, ó sì jí, ṣùgbọ́n ebi ti pa ọpọlọ rẹ̀ pẹ́ jù.

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ká ní ọ̀lẹ ni bàbá mi, ká ní ó máa ń gbàgbé oògùn, tàbí kó máa yọ́ ẹ̀wà jẹ nínú ààwẹ̀ bíi tàwọn kan tí mo mọ̀, kò sí ohun tí ì bá ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sílé, mo po ògì, mo gbé ṣíbí sí i lẹ́nu láàárọ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, irú èyí tí à ń rín sí àlejò.

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí. "Ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Mo ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì l'Adó, torí tiẹ̀ ni. Usẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Tí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i."

Mo ní màá kí i.