Bàbá Mi Yí Kọ̀ǹpútà Dojú Bolẹ̀

Télọ̀ ni bàbá mi. Yàrá kan ní Berea, ní Johannesburg, ló ti ń ránṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ń pín lò. Bó bá ń rán aṣọ fún ọmọdé, kì í gé e mọ́ ọn lára. Ó máa ń ṣẹ́ aṣọ tó pọ̀ sínú etí rẹ̀, ó ń pe ìyẹn ní ààyè, kó lè tú u sílẹ̀ nígbà tí ọmọ náà bá ga. Yúnífọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni mo wọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Etí rẹ̀ nípọn débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bi mí bóyá búrẹ́dì ni mo fi pamọ́ síbẹ̀. Mo kórìíra ààyè yẹn tọkàntọkàn. Bàbá mi kò sì ní ra aṣọ kankan lọ́jà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta. "Ojú aṣọ a máa purọ́," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, "inú rẹ̀ ni kó o bi."

Ó wá di ọdún tí mo fẹ́ parí ẹ̀kọ́ mi. Bí a ṣe ń mú kí àwòrán máa rìn ni mo kọ́, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní katúùnù. Iléeṣẹ́ kan ní Sandton, tó ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ polówó ọjà, fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo nínú kíláàsì wa síṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ mú fíìmù ìṣẹ́jú méjì wá kí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó pé. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́. Mo tilẹ̀ ti mọ ohun tí màá yà: abẹ́rẹ́ kan tó ń rìn káàkiri Johannesburg, tó ń wá òwú rẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti di arúgbó. Bí mo bá ní kí abẹ́rẹ́ náà gbé ìṣísẹ̀ kan, màá lọ po tíì, màá mu ún tán, kó tó gbé ìkejì.

Bàbá mi wò mí fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ká lọ ra tuntun. Owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló fẹ́ ná sí i, owó tó ti ń sọ láti èṣí pé òun máa fi ra maṣíìnì ńlá oníná. Ó yẹ kí n ní rárá. Kí n má purọ́, ayọ̀ ò jẹ́ kí ẹnu mi sọ ọ́.

Mo ti yan èyí tí mo fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó wọ bàtà tán. Àwọ̀ fàdákà, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹwà rẹ̀ ń wọni lójú. Wọ́n to àfikún sábẹ́ rẹ̀: mẹ́mórì tó pọ̀ sí i, ibi ìkópamọ́ tó tóbi sí i, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán tó lágbára sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. Mo fi àmì sí gbogbo wọn, mo sì jó yí yàrá ká.

Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ reluwé ní Park Station lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Sandton. Bàbá mi wọ kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Reluwé náà ń sáré, ọkàn mi ń sáré jù ú lọ. Bàbá mi di ìjókòó mú gírígírí. "Ẹ̀yin ará Sandton yìí," ó ní, "ibo lẹ ń sáré lọ ná?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù náà fi sùúrù ka gbogbo àfikún fún wa. Bàbá mi gbọ́ ọ dé òpin, ó wá yí sí mi.

"Ènì lèyí tó ń kà sílẹ̀ yìí. Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń ta ènì?"

"Dádì, fixed price ni wọ́n níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná an."

"Ta ní fẹ́ ná an? Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Kí n tó na ọwọ́, ó ti gbé kọ̀ǹpútà fàdákà náà, ó yí i dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fi ìka wá ojú ìránṣọ rẹ̀ kiri. Kò rí i. Ó bá fà á súnmọ́ ibi tí iná mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò mọ̀ pé wọ́n ti fi okùn so ó mọ́ agogo olè. Agogo figbe ta! Gáàdì méjì sáré dé, èmi sì ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa lanu gbé mi mì. Bàbá mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo bá agogo náà díje, ó ń bi wọ́n pé nọ́ọ̀tì rẹ̀ dà.

Obìnrin kan jáde láti yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó pa agogo náà. Bàbá mi sọ fún un pé télọ̀ ni òun, òun kì í ra ohun tí òun kò bá rí inú rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí.

"Eish, Baba! Látìgbà tí mo ti wà níbí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Wọ́n ti jó mẹ́mórì èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí mọ́ pátákó inú rẹ̀, ibi ìkópamọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí a bá rà lónìí la ó lò títí tó fi máa kú. Àmọ́ dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí nọ́ọ̀tì mẹ́wàá wà nídìí rẹ̀, tí a lè ṣí, ká fi mẹ́mórì kún un nígbàkigbà. Ẹ̀yà tó ń ya àwòrán nìkan ni kò ṣeé pààrọ̀ nínú ti dúdú náà.

Bàbá mi mi orí. "Ó yé mi. Níbi tí kò bá ti sí ààyè, ká rà á kó fẹ̀ láti ilẹ̀. Níbi tí ààyè bá wà, ká fi í sílẹ̀ títí ọmọ á fi ga."

Inú bí mi. Dúdú yẹn nípọn bíi bulọ́ọ̀kù! Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, pé èmi ni mo kàwé rẹ̀. Kò bínú. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ó ní. "Àmọ́ ìwọ lo máa lò ó. Yan èyí tó o bá fẹ́."

Obìnrin náà ní kí n fi iṣẹ́ mi dán wọn wò. Mo ní i nínú fúláàṣì, mo kì í bọ fàdákà náà lákọ̀ọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ mi rìn, ó dúró, ó rìn, bí ẹni tí bàtà ń ta. Mo kì í bọ dúdú, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀yà àwòrán tó lágbára sí. Háà! Abẹ́rẹ́ mi sọdá títì ní robot, iná tó ń darí ọkọ̀, ó yẹra fún taxi méjì, ó yan bí ọmọge! Mo kígbe, mo dì mọ́ obìnrin tí mi ò mọ̀ rí. Dúdú la gbé lọ sílé, pẹ̀lú àfikún ẹyọ kan péré, ẹ̀yà àwòrán yẹn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n mú fíìmù lọ, mo ní kí kọ̀ǹpútà náà so gbogbo àwòrán pọ̀. Ó kọ̀. Ó ní mẹ́mórì òun kò tó. Mo sáré lọ bá bàbá mi, mo rò pé ojú rẹ̀ máa fà ro, àfi bó ṣe ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ti ga," ó ní. "Ó yá, ká tú etí rẹ̀."

Ní Joubert Park, ọmọ Òṣogbo kan ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àwọn méjèèjì ná mẹ́mórì náà títí ó fi sú mi, nígbẹ̀yìn ọkùnrin náà fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan ṣe ènì. Bàbá mi gbé e sókè bí ẹni gba oyè. "Ṣó o rí i? Ènì rè é!"

Orí tábìlì tó ti ń gé aṣọ la ti ṣí i. Nọ́ọ̀tì náà le ju ọwọ́ mi lọ. Bàbá mi fi súkúrúdíráfà maṣíìnì rẹ̀ tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó to wọ́n sínú ìdérí bọ́bìnì. Mẹ́mórì náà kò ju ìka méjì lọ, ìka bàbá mi sì tóbi jù fún ibi tó máa wọ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrèǹgbè. Ìwọ tì í bọ̀ ọ́." Mo tì í. Ó ró kà!

Mo tan án. Ojú rẹ̀ dúdú. Lẹ́yìn náà iná tàn, fíìmù mi so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, abẹ́rẹ́ náà sì rí òwú rẹ̀. Oníbàárà kan tó wá wọ aṣọ rẹ̀ wò bá wa jó tòun ti píìnì lára. Mo gbádùn ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ tí iléeṣẹ́ Sandton pè mí pé èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́ lọ.

Owó oṣù mi àkọ́kọ́ wọlé, mo mú bàbá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta maṣíìnì oníná. Ẹni tó ń tajà bẹ̀rẹ̀: mọ́tọ̀ tó lágbára sí i, iye rẹ̀ rè é, iná ojú abẹ́rẹ́, iye rẹ̀ rè é. Mo retí kí bàbá mi yí maṣíìnì náà dojú bolẹ̀. Ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò mí.

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi, mo ki orí bọ abẹ́ rẹ̀.

"Dádì, wọ́n kọ́ mọ́tọ̀ mọ́ orí rẹ̀. Kò ṣeé pààrọ̀. Èyí tó lágbára la máa rà."

"Iná ńkọ́?"

"Iná ní nọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná."

Bàbá mi yí sí ẹni tó ń tajà. "Ẹ ti gbọ́," ó ní. "Ohun tí ọ̀gá mi wí nìyẹn."