Ikọ́ Fée Ọmọ Mi Lóṣù Ààwẹ̀

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́, n kò sì ní tọrọ àforíjì fún un. Ẹni tó bá ń gbé Ìgándò, tó ń ra oògùn fún ọmọ tí ikọ́ fée ń bá jà, tí kò wá fura, onítọ̀hún ti sùn lọ nìyẹn. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni mò ń sọ. Láti kékeré ni àyà rẹ̀ ti máa ń dún fée-fée bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí.

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìtọ́jú ìlera àdúgbò wa ló kó ínhélà méjì, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu fà, lé wa lọ́wọ́. Aláwọ̀ búráùn ni kó máa fà láàárọ̀ àti lálẹ́, ara rẹ̀ ì báà dá ṣáká, kí ikọ́ náà má baà wá rárá. Aláwọ̀ búlúù wà fún ìgbà tí èémí bá há. Mo kọ́kọ́ fura sí i. Ta ló ń loògùn nígbà tí ara rẹ̀ le? Ṣùgbọ́n oṣù kan lọ, òmíràn tẹ̀lé e, ọmọ ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré kiri, mo sì panu mọ́.

Àfi bí a ṣe wọnú oṣù ààwẹ̀ tí ikọ́ tún dé. Oníkẹ́mísì tí mo ti ra búráùn nítòsí ọjà Ìkòtún ni mo kọ́kọ́ gbé ìjà lọ bá. Mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Ó búra, ó tún fi ọmọ rẹ̀ búra. Mo ní ìbúra náà ti pọ̀ jù, jàre. Mo lọ ra òmíràn ní Abúlé Ẹ̀gbá, ikọ́ kò gbọ́.

Ìyá ọkọ mi ló kàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá bá wa gbààwẹ̀, ìgò àgbo sì wà nínú ẹrù wọn. Mo lọ gbé ìgò náà pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Bí ọmọ bá ti ń jáde nínú yàrá wọn, màá ní kó ya ẹnu, màá gbóòórùn rẹ̀. Màmá ká mi mọ́ ọn lọ́jọ́ kan.

“Ìyàwó, ṣé wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́ ọlọ́pàá ni?”

“Rárá o, Màmá. Mò ń wò ó bóyá ó fọ ẹnu ni.”

“Ẹnu aláàwẹ̀ lò ń gbóòórùn. Kí lo rò pé wàá gbọ́, lọ́fíńdà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Lóòótọ́, ọmọ náà ń gbààwẹ̀. Òun ló bẹ̀ mí. Dé ọ̀sán ni mo gbà fún un, ló bá di pé ó ń gbà á dé ìrọ̀lẹ́. Ní ilé kéwú wọn, àwọn ọmọdé máa ń yọ ahọ́n síra wọn, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá funfun ni ààwẹ̀ rẹ̀ pé, tèmi kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Láràárọ̀, á mú ínhélà búráùn àti ife omi lọ sẹ́yìnkùlé, nítorí nọ́ọ̀sì ní kó máa ṣan ẹnu bó bá ti fà á tán. Màá gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé: fìsìì! Oògùn ń dún, oògùn ń dín, ikọ́ ń pọ̀ sí i. Ta ló wá kù tí n óò fura sí, bí kò ṣe nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀? Mo ní bóyá ńṣe ló fẹ́ ká máa pààrà ọ̀dọ̀ òun títí ayé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ti ilé kéwú dé, ó di ilẹ̀kùn mú, kò lè sọ̀rọ̀. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Mo fa búlúù yọ, mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó pa ètè dé.

“Yanu!”

Ó mi orí.

“Ṣé o fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?”

Ó tún mi orí, ó na ìka sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo yíjú sí ìyá ọkọ mi, mo pariwo mọ́ wọn: “Màmá, kí lẹ sọ fún ọmọ mi?” Wọ́n ní àwọn kò sọ nǹkan kan, omijé ti ń bọ́ lójú wọn. Mo fa ọmọ náà mọ́ra, mo sáré gbé e jáde sí títì.

Kẹ̀kẹ́ kan ló gbé wa dé ilé ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì náà fi ike gbọọrọ kan bo ọmọ náà nímú àti lẹ́nu, ó fọ́n oògùn búlúù sínú rẹ̀, a dì í mú títí ó fi fà á. Ó tún fọ́n ọn. Díẹ̀díẹ̀, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ẹ ti ba ààwẹ̀ mi jẹ́.”

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọmọ náà.

“Èyí tó o máa ń fà láàárọ̀ ńkọ́?” ló bi í.

Ó bú sẹ́kún. “Ara ògiri ni mo máa ń fọ́n ọn sí.”

Ara ògiri! Gbogbo ìjà tí mo bá oníkẹ́mísì jà, ògiri ẹ̀yìnkùlé mi ló ń loògùn.

Nọ́ọ̀sì ní, “Mọ́mì, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni èmi ń lọ, n kò rántí bi yín bóyá ẹ máa ń gbààwẹ̀. Ó yẹ kí n ti bi yín.” Ó ní ká lọ bi àfáà wa bóyá ọmọ tára rẹ̀ kò yá tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀. Búráùn lè bọ́ sí àkókò sààrì àti ẹ̀yìn ìṣínu. Ṣùgbọ́n búlúù kò ní àkókò: bí èémí bá ti há, ààwẹ̀ ni o, kì í ṣe ààwẹ̀ ni o, kó fà á lójú ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. Mo fura sí ìyẹn náà díẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà. “Kí ló dé tó o fẹ́ gbààwẹ̀ tó báyìí?”

“Mò ń tọrọ nǹkan ni. Wọ́n ní àdúà aláàwẹ̀ máa ń gbà.”

“Ò ń tọrọ kí ikọ́ lọ, àbí?”

Ó mi orí, ó wolẹ̀. “Kí mọ́mì mi má máa ṣọ́ mi mọ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, a wọ kẹ̀kẹ́ padà. Inú mi bàjẹ́, inú sì ń bí mi, n kò mọ èyí tó jù. Ó jókòó tì mí, ó ń mí. Gbogbo ara mi ló fẹ́ wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ bó ṣe yẹ. Mo di irin kẹ̀kẹ́ mú, mo tẹjú mọ́ títì, n kò wò ó títí a fi délé.