Ohùn Tó Wà Láàrin Dó àti Rè

Dọ́là mẹ́ta ni ife kọfí kan báyìí ní ilé kọfí tí mo máa ń lọ ní Langley Park, ní Amẹ́ríkà níbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, dọ́là kan ni. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, ṣílè méjì péré la fi ń wọlé lọ gbọ́ háílàìfù, wọn a sì tún fún wa ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Sísì, ìdajì ṣílè, ni òróró tí a ń kán sínú fèrè wa kí bọ́tìnnì rẹ̀ má baà le. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra igò òróró bẹ́ẹ̀ ní Oxon Hill, dọ́là mẹ́fà. Mo wo igò náà títí ọmọbìnrin tó ń tajà fi bi mí bóyá ara mi le.

Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni mo fọn fún ọdún mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ olórin àwa akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ dé, ìyàwó dé, ọmọ dé, Amẹ́ríkà dé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí n kò fi ètè kan fèrè. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà níbí ni mo rí ọ̀kan lórí tábìlì ẹnì kan tó ń ta ẹrù ilé rẹ̀ níwájú gáréèjì. Mo ti rà á kí ìyàwó mi tó yíjú padà.

Ará Etiópíà ni ìyá tó ni ilé kọfí náà. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ọkùnrin mẹ́ta máa ń ṣe jáàsì ní igun ilé rẹ̀, láìsí ẹni tó ń kọrin rárá. Ọ̀gá wọn, awakọ̀ takisí tó wá láti Addis Ababa, ló wà nídìí dùùrù. Ará ìlú rẹ̀ kan ń fọn sasofóònù. Onílù wọn, ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí ni, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ wọn, mo gbé kọfí dání títí ó fi tutù. Sasofóònù náà dún bíi ti àwọn ológun tó ń yan, ìlù náà ń jó bíi ti àwọn ará Kúbà, ọwọ́ ọ̀gá lórí dùùrù sì jẹ́ ti jáàsì pátápátá. Ṣùgbọ́n ohùn márùn-ún péré ni orin náà gan-an ní: dó, rè, mí, sò, là. Ohùn márùn-ún tiwa! Bí ìyá mi ṣe ń kọrin nídìí ààrò nìyẹn.

Mo bi ọ̀gá bó ṣe jẹ́. Ó ní àwọn ológun ló kọ́kọ́ mú fèrè onídẹ wọ ìlú àwọn, àwọn tó lọ kàwé lókè òkun sì mú jáàsì àti ìlù Kúbà bọ̀.

"Gbogbo nǹkan ló wọlé," ó ní, "ṣùgbọ́n orin wa ló ni ilé."

"Èmi náà ń fọn fèrè," mo wí. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, kálukú pẹ̀lú ẹnu ìlú tirẹ̀.

"Kí ni ará Nàìjíríà kì í ṣe? Gbé e wá ká gbọ́."

Báyìí ni mo ṣe di ẹnì kẹrin wọn. Oṣù mélòó kan ni mo fi gbádùn ara mi, títí ọ̀gá fi mú orin kan wá tí bàbá rẹ̀ máa ń ta lórí ohun èlò olókùn nílé. Ohùn márùn-ún ni òun náà ní, ṣùgbọ́n ohùn kejì rẹ̀ kì í ṣe rè. Ó dúró sí àárín dó àti rè, bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò wọlé tí kò sì jáde.

Inú ẹgbẹ́ akọrin Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Sọ́fà, dó-rè-mí yẹn, ni a fi kọ́ orin, pàṣán sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin fún ẹni tí ohùn rẹ̀ bá wálẹ̀. Èmi náà ti fi ogún ọdún gbé ohùn àwọn ọmọ ìjọ sókè. Nítorí náà mo nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ohùn kejì yẹn ti wálẹ̀ díẹ̀. Rè ló yẹ kó jẹ́."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. Onílù bojú, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

"Bàbá Nàìjíríà, bàbá mi lo fẹ́ tún kọ́ lórin?"

Ìyá onílé, tó ń yan kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní, "Ẹ má jà o. Ife kìíní la ṣì wà." Ife mẹ́ta ni àwọn ará Etiópíà máa ń mu níjókòó kan, kò sì fẹ́ gbọ́ ìjà kankan kí ìkẹta tó tán.

Nígbà tí a mu ìkẹta tán, ọ̀gá sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn Sátidé mẹ́ta, àwọn ará ìlú rẹ̀ ń bọ̀ wá gbọ́ orin yẹn. Bí n kò bá rí ohùn náà mú, kí n gbé fèrè sílẹ̀ kí n gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rù bà mí ju bó ṣe yẹ àgbàlagbà lọ. Mo ti dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, n kò tún fẹ́ dákẹ́ mọ́.

Nítorí àwọn aládùúgbò, inú mọ́tò ni mo ti ń fọn ún, níbi ìgbọ́kọ̀sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Oxon Hill. Ìyàwó mi a jókòó tì mí pẹ̀lú ẹrù tó rà.

"Dádì, ó ń dún bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín."

"Ohun tí ọ̀gá ń fẹ́ gan-an nìyẹn."

"Ẹ ṣáà sín in, ká máa lọ sílé. Ẹja mi ń yọ́."

Ìka mi mọ ibẹ̀, ètè mi ni kò gbà. Bí mo bá ti pe ohùn náà ní rè nínú ọkàn mi, yóò gòkè lọ bá orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kí n má tilẹ̀ pè é ní nǹkan kan. Mo lọ jókòó síbi tí mo ti lè rí ìka ọ̀gá lórí dùùrù, mo sì gbàgbé sọ́fà.

Lọ́jọ́ náà ilé kún. Mo rí ohùn náà mú nígbà àkọ́kọ́, bàbá kan tó da aṣọ funfun bora dijú. Mo tún rí i mú nígbà kejì. Ayọ̀ bá gbé mi. Nígbà tó kàn mí láti fọn ún ní èmi nìkan, ìka mi sá lọ sí Ìbàdàn, rè jáde ketekete, háílàìfù sì tẹ̀ lé e. Onílù burúkú yẹn tẹ̀ lé mi! Ìyàwó mi ń lu tábìlì. Ọ̀gá dá ọwọ́ dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohùn bàbá rẹ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ mi, léraléra, bí ẹni ń pe ọmọ wọlé, títí mo fi padà.

Nígbà tí a ṣe tán, n kò lè wojú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo rí i mú," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan lo sálọ."

"Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Gbé e fún ìyàwó rẹ. Bó ṣe ń lu tábìlì yẹn, òun kò sáré."

Ìyàwó mi sì gbà á lóòótọ́. Ọdún márùn-ún la fi jọ ṣe é ní ọ̀sán Sátidé, mo sì ń sálọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá ti lọ sọ́run, nínú òtútù èṣí. Bàbá aláṣọ funfun náà ti lọ. Onísasofóònù wà, ó ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Texas. Onílù wà, orúnkún ló ń dà á láàmú. Ìyá onílé kọfí wà, kò sì tíì fẹ́ gbọ́ pé kí òun sinmi. Ìyàwó mi wà. Èmi náà wà.